Orúkọ Tí Kabirat Fi Mọ̀ Wọ́n

Láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kan tó ń ta fáànù l'Ọ́jọ́ta ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Ọláníyan, tí wọ́n kọ "Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan wa ọ̀wọ́n" sókè rẹ̀, ara ọkùnrin náà ò balẹ̀ mọ́. Ó kà á fún ìyàwó rẹ̀, ó kà á fún mẹkáníìkì rẹ̀, ó kà á fún Kabirat lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Wọ́n mọ orúkọ mi," ló ń sọ, bí ẹni pé ọba ló ránṣẹ́ sí i, tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó fẹ́ ta fáànù.

Kabirat ni akọ̀wé rẹ̀ ní Ọbẹ̀ Yá, ilé iṣẹ́ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìkòsí. Láàárọ̀, wọ́n á ra tòmátò, ata rodo àti àlùbọ́sà ní Mile 12. Nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti ń ṣà á, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń dì í, kí mọ́tò tó gbé e lọ fún àwọn ará Màgódò àti Ìṣẹrí Olówóòra tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ọjà kan bàtà wọn. Láàárín ọdún márùn-ún, Kabirat ti kó oníbàárà ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ, fóònù, ímeèlì, àdírẹ́sì. Ọ̀gá Ọláníyan ò ṣí i wò rí. Ṣùgbọ́n kò sí àlejò tó máa wọlé tí kò ní nawọ́ sí kọ̀ǹpútà náà, kó ní, "Dátábéèsì wa nìyẹn."

Nígbà tí Elkanah, onísọ́fúwià tí ọ̀gá pè láti Olówóòra, wá dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀, tó sì sọ pé oríṣi sọ́fúwià mẹ́ta tó ń fi ímeèlì polówó ọjà lòun mú wá kí wọ́n yan ọ̀kan, àyà Kabirat já.

Ìdí ni pé orúkọ tó wà nínú dátábéèsì yẹn kì í ṣe orúkọ tí ìyá tàbí bàbá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Nígbà tí Kabirat bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Alhaja Ajarat méje ló wà ní Màgódò nìkan, Rahmon sì jẹ́ mẹ́rin. Tó bá ní "Ti Alhaja Ajarat rèé," àwọn tó ń di ẹrù á ní, "Èwo nínú wọn?" Ló bá kúkú ń kọ ohun tí gbogbo wọn fi mọ oníbàárà. Alhaja Atẹtòmátò-Wò: wọn kì í di èyí tó rọ̀ fún un. Mummy Ìwọ̀n-Ò-Pé: òṣùwọ̀n wà nílé rẹ̀. Bàbá Ata-Ò-Ta. Aláriwo Géètì Kejì. Kálukú ń gba ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń pe òun.

"Ọ̀gá, àkọ́kọ́ rèé," ni Elkanah wí. "Ó rẹwà, àwòrán pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ kò lè ka dátábéèsì yín. Ẹ̀ẹ́ máa tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ fúnra yín ni."

"Èyí dáa!" Kabirat ti dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Èmi á tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá Ọláníyan yíjú sí i. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Kabirat yìí kan náà fajú ro torí pé wọ́n ní kó tẹ ìwé pélébé méjìlá. "Ẹgbẹ̀ta èèyàn? Ìwọ?"

"Iṣẹ́ ni, sà."

"Elkanah, gbé òmíràn wá."

"Ẹ̀kejì á so mọ́ dátábéèsì yín fúnra ẹ̀. Á mọ ẹni tó ra kí ni, á mọ ẹni tí kò rà láti oṣù kan. Á sì pe kálukú lórúkọ, bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Gẹ́lẹ́!" Ọ̀gá Ọláníyan lu tábìlì. "Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́? Gẹ́lẹ́!"

Kabirat dìde, ó jókòó. Ó bi Elkanah bóyá á mu omi. Omi wà lọ́wọ́ Elkanah. Ó ṣí fèrèsé, ariwo Kétu wọlé, ó tún tì í.

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ẹ̀kẹta ò lẹ́wà, Aunty Kabi. Bíi fọ́ọ̀mù báńkì ló rí. Àyè orúkọ tí èèyàn ń jẹ́ wà lọ́tọ̀, àyè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rántí nípa ẹ̀ wà lọ́tọ̀, ìyẹn ò sì ní bá ímeèlì jáde."

"Fọ́ọ̀mù báńkì!" Ọ̀gá Ọláníyan yínmú. "So ẹ̀kejì pọ̀. Ká fi ránṣẹ́ báyìí, kí wọ́n tó máa se ọbẹ̀ ọ̀sán."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi dán ẹnì kan wò..." ni Kabirat wí.

"Ìdánwò kí ni? Ṣé iléèwé la wà ni?"

Ó ti kọ lẹ́tà náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tòun ti fọ́tò rẹ̀ nínú agbádá. Nínú lẹ́tà yẹn, "èmi" jáde nígbà mẹ́sàn-án, tòmátò jáde lẹ́ẹ̀kan.

Elkanah so ó pọ̀. Kabirat ń wo bó ṣe ń ka orúkọ wọlé: igba, irínwó, ẹgbẹ̀ta. Alhaja Atẹtòmátò-Wò ló ń se oúnjẹ fún iléèwé mẹ́ta. Tí lẹ́tà yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní í di ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ fi máa bọ́ lọ́wọ́ òun Kabirat. Ọ̀gá Ọláníyan na ìka sí ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Kabirat fò dìde, ó fa wáyà ìńtánẹ́ẹ̀tì yọ lára ògiri.

"Kabirat, ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀ ná."

Ọ̀gá Ọláníyan tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀. "'Ẹ káàárọ̀ o, Mummy Ìwọ̀n-Ò-Pé wa ọ̀wọ́n...'"

Elkanah gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Kabirat dúró gbọnin, ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. "Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì, màá wá orúkọ gidi wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi, sà. Ẹ ṣáà má fi í ránṣẹ́."

Ọ̀gá Ọláníyan sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń kà á lọ. "Bàbá Ata-Ò-Ta... ṣé kì í ṣe Àyàndélé nìyí?"

"Òun ni, sà."

Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Kabirat rò pé ìbínú ni, àṣé ẹ̀rín ni. "Aláriwo Géètì Kejì! Òun náà ni! Òun gan-an ni!" Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ awò nu ojú.

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ó tún ń kà á, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ báyìí, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kabirat rí ohun tó ń wá: ọ̀gá fúnra rẹ̀ náà ń gbé ata lọ sílé, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó rí i. "Ọ̀gá Ọláníyan." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bóyá nǹkan fara pamọ́.

"Èyí nìkan?"

"Orúkọ yín ni, sà."

"Àyàndélé ní tiẹ̀. Èmi tí mo dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀! Ọdún márùn-ún, Kabirat. Ṣé n ò ní nǹkan kan lára tó ṣeé rántí ni?"

Elkanah wúkọ́. "Ọ̀gá, ẹ̀kẹta yẹn láyè fún irú ẹ̀."

"So ẹ̀kẹta pọ̀." Ó kọjú sí Kabirat. "Ọ̀sẹ̀ méjì tó o bèèrè, mo fún ẹ. Orúkọ gidi síbi orúkọ, èyí tẹ́ ẹ fi mọ̀ wọ́n sí àyè kejì. Kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé yìí o! Ṣùgbọ́n tèmi, òní la máa kọ ọ́."

Kabirat jókòó. Iṣẹ́ ò bọ́ mọ́. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ní ohun tí wọ́n ń pe Ọ̀gá Ọláníyan. Kabirat ni kò láyà láti tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá Ọláníyan wá dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. "Òótọ́ ni kó o kọ o. Má wojú mi."

Kabirat gbé ìka lé lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà, ó gbé e kúrò.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ronú sí i."

"Máa ronú. Mo wà níbí."