Ẹni Tó Bá Wa Dúpẹ́

"Kò le rárá," ni mẹ́sẹ́ńjà káńsù ń sọ fún un, bẹ́ẹ̀ ló ń fọwọ́ gbọn eruku kúrò lára àga tí kò ní eruku. "Tí Alága bá ti kí yín tán, ẹ ó dìde, ẹ ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó ní ẹ dúpẹ́, ẹ ó jókòó. Wọ́n á wá máa bá iṣẹ́ wọn lọ."

"Kúnlẹ̀ díẹ̀?" ni Ìyá Aránṣọ bi í. "Orúnkún kan ni àbí méjèèjì?"

Mẹ́sẹ́ńjà wò ó bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kò rí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má kó mi sí wàhálà. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé náà gùn bí ìfun adìyẹ. Àwọn tó wá tọrọ nǹkan ló máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fún ní nǹkan kì í jókòó, tààrà ni wọ́n ń wọlé. Lónìí, wọ́n gbé àga onítìmùtìmù fún Ìyá Aránṣọ nítorí pé ọkọ rẹ̀ ti kú.

Agbẹ́gọ́tà káńsù ni ọkọ náà. Òjò rọ̀, ìdọ̀tí dí kòtò ẹ̀gbin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ní kó wọ inú rẹ̀ lọ. Kò sí okùn níbàdí rẹ̀, kò sí nǹkan tó fi bo imú. Afẹ́fẹ́ burúkú inú ibẹ̀ gbé e ṣubú kó tó lè ké. Kúkúrú, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló fi ìkọ́ fà á jáde. Wọ́n ń pe ọkùnrin yìí ní Kúkúrú nítorí pé ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá láìtẹ orí ba. Òun náà ló tẹ̀lé opó náà wá, ó sì ti ń tẹ orí ba báyìí létí rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ má dúpẹ́ o."

"O ti sọ ọ́ lánàá."

"Mo tún ń sọ ọ́ ni. Ìyàwó ẹni tí ògiri wó lù lọ́dún tó kọjá, ó dúpẹ́. Nígbà tó padà wá béèrè ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n ní, 'Ṣebí ẹ ti dúpẹ́, ìyá? Ẹni tó bá ti dúpẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí.' Òfin wọn ni. Tí ìdílé òkú bá ti lè dúpẹ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn, ọrùn káńsù ti mọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá dúpẹ́, dandan ni kí wọ́n ṣe ìwádìí ikú náà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ lé yín kúrò nínú yàrá títí ìwádìí á fi parí."

"Ta ló ṣe irú òfin yẹn?"

"Àwọn tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni."

Yàrá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni, nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́, balùwẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n abẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá yìí wà, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Bí wọ́n bá lé e níbẹ̀, oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n lé dànù.

Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n ní kó wọlé.

Gbọ̀ngàn náà tutù bí ilé tí wọ́n ń kó ẹja pamọ́ sí. Àwọn káńsẹ́lọ̀ yí tábìlì gígùn ká. Ọ̀kan ń sùn, ó wọ awò ojú dúdú kí wọ́n má baà mọ̀. Alága jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, tí á tún rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tó bá sọ̀rọ̀ tán, bí ẹni ń fi bébà wé ẹja. Àga àwọn àlejò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ ti rí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ẹni tó ti ń pè ní Bùọ̀dá láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Kò sọ fún un pé òun ń bọ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó mi orí sí i, ó sì yára gbójú sókè wo àjà.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́. Káńsù fẹ́ rán àwọn káńsẹ́lọ̀ kan lọ sókè òkun, kí wọ́n lọ wo bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń tọ́jú gọ́tà.

"Ṣé a lè mú ìyàwó dání?" ni ẹnìkan bi.

"Gọ́tà lẹ fẹ́ lọ wò."

"Ṣé ìyàwó kì í wo gọ́tà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n gbà á wọlé. Akọ̀wé, obìnrin kan tí kì í gbójú sókè, ka ọ̀rọ̀ tó kàn: ìbánikẹ́dùn.

Gbogbo wọn dìde, wọ́n dákẹ́ fún olóògbé. Fóònù kan ń dún nínú àpò ẹnìkan. Ó jẹ́ kó dún tán, kí wọ́n má baà mọ̀ pé òun ló ni ín. Wọ́n jókòó. Alága rẹ́rìn-ín.

"Káńsù ń bá ìdílé olóògbé kẹ́dùn," ó ní. "Òṣìṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìkánjú, ẹ̀yin èèyàn mi, ìkánjú kò dára. Bí kò bá kánjú, ì bá dúró de okùn. Káńsù ti ra pósí fún un. A sì ti gbà kí ìyàwó rẹ̀ máa gbé inú yàrá náà títí ọ̀sẹ̀ yìí á fi parí." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ó yá o."

Ìyá Aránṣọ dìde. Kò kúnlẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ó ní, ó sì jókòó.

Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Mẹ́sẹ́ńjà ń fi ọwọ́ júwe orúnkún fún un láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá," ni Alága wí, "èèyàn kì í gbọ́ ìkíni kó má dáhùn."

"Okùn wo ni ẹ ní kó dúró dè, sà?"

"Kì í ṣe ibi ìbéèrè nìyí."

"Mi ò béèrè púpọ̀. Okùn yẹn nìkan ni. Ẹ fi hàn mí, kí n dúpẹ́."

Káńsẹ́lọ̀ obìnrin kan fà sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Sọ ọ́, kí o máa lọ tọ́jú àwọn ọmọ rẹ."

"Tó bá jẹ́ lásán ni, mà, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́."

"Ẹ wo àìlẹ́kọ̀ọ́!" Èyí tó ń sùn ti jí. "A dìde fún ọkọ rẹ̀! A dákẹ́ fún un!"

"Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń dákẹ́, bàbá."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Alága. Láìsí ẹ̀rín, ojú rẹ̀ kéré gan-an. Ó yí i sí apá ibi ògiri. "Ṣé obìnrin nìkan ló kù nínú ìdílé náà ni?"

Bùọ̀dá ti dìde kí Alága tó sọ̀rọ̀ tán. "Rárá o, sà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n olóògbé. Èmi ni ẹnu ìdílé."

"Bùọ̀dá, ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí bàbá tó bí yín jókòó."

"Ìyàwó, má dójú tì wá." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú sí obìnrin, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Ìdílé wa dúpẹ́ gidigidi. Kò sẹ́ni tó ṣe irú èyí fún wa rí."

Òótọ́ kúkú ni gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn yẹn.

Alága fi òòlù onígi lu tábìlì. "Ìdílé ti dúpẹ́."

"Ó parí," ni gbogbo wọn dáhùn.

"Èmi ò dúpẹ́!" Ìyá Aránṣọ ti bọ́ sí àárín gbọ̀ngàn. "Ṣé ẹ gbọ́ mi? Èmi tí mo wẹ ẹ̀gbin kúrò lójú rẹ̀, èmi ò dúpẹ́!"

Akọ̀wé kò gbójú sókè. "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i. Ìdílé tó bí i ti sọ̀rọ̀."

Mẹ́sẹ́ńjà ti dì í lápá mú. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ fi kun ògiri ọgbà káńsù.

Ó dúró de Bùọ̀dá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kúkúrú dúró tì í, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Bùọ̀dá jáde, ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá bí aláǹgbá.

"Kí ni wọ́n fún yín?"

"Ìyàwó, jẹ́ ká délé ná."

"Ilé wo? Ojú ìlà páálí tí wọ́n fi ká a ṣì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì yín. Kí ni wọ́n fún yín?"

Ó wolẹ̀. "Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ káńsù, olówó oṣù. Ìwọ náà mọ bó ti pẹ́ tó tí mo ti ń jókòó sílé. Àbúrò mi ti lọ. Bí mo bá kọ̀, ṣé ó máa jí ni?"

"Iṣẹ́ nìkan?"

Ó ń fọwọ́ tẹ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà.

"Bùọ̀dá, mo ní ṣé iṣẹ́ nìkan?"

"Wọ́n ní yàrá kan á ṣófo," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo ti rò ó. O lè fi ẹ̀rọ rẹ sílẹ̀ síbẹ̀ títí wàá fi ríbi gbé e lọ. Èmi ò níkà nínú."

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí í mú kí ọmọdé sá wọlé.

"Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n pè é?" ni Kúkúrú bi í. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Òṣìṣẹ́ àyíká."

"Àyíká," ni Kúkúrú wí. Ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ó dáa. Àyíká ni."

Ní alẹ́ ọjọ́ tó parí ọ̀sẹ̀, òjò ńlá rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó Bùọ̀dá dé ẹnu yàrá náà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó dúró síta, ó ń fi èékánná ha ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo èmi," ó ní. "Wọ́n ní tí a kò bá wọlé lónìí, wọ́n á fi fún ẹlòmíràn."

"Balùwẹ̀ máa ń dí. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn," ni Ìyá Aránṣọ dá a lóhùn. Kò kí i, kò sì bú u. Ó ti gbé ẹ̀rọ sórí ọmọlanke. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti tì í lọ. Ó ká fóòmù, ó fi okùn ọ̀rá tó nípọn dì í, ó gbé e karí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ru ìkòkò, èyí ọkùnrin gbé àwọn ìwé.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bá àwọn agbẹ́gọ́tà. Kòtò náà tún ti dí, omi dúdú ń ru bọ́ sójú títì. Ọ̀gá iṣẹ́ ti ṣí ìdérí rẹ̀. Bùọ̀dá dúró létí rẹ̀, ó wọ bàtà òjò tí wọ́n yọ lẹ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀.

"Wọ́n ní òṣìṣẹ́ àyíká," ó ń sọ.

"Kí wá ni èyí? Ojú ọ̀run?" Ọ̀gá iṣẹ́ tutọ́. "Wọlé, òjò tún ń ṣú."

"Okùn dà?"

"Okùn wo? Wọn kò fún wa ní okùn. Ìwádìí ni ì bá sọ pé kí wọ́n fún wa, kò sì sí ìwádìí. Àbí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ìdílé yín kò ní ẹjọ́?"

Bùọ̀dá wo Kúkúrú. Kúkúrú ń wo ìkọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ojú Bùọ̀dá wá bá Ìyá Aránṣọ tó ń kọjá lọ.

"Ìyàwó! Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwọ lo lẹ́nu."

Ó dúró. Ọrùn rẹ̀ le lábẹ́ ẹrù náà. Fún ìgbà díẹ̀ ó dà bí ẹni pé yóò kọjá. Nígbà tó yá, ó sọ fóòmù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn rẹ̀. Ó fi eyín tú ibi tó le. Ó jù ú sí Kúkúrú.

"So ó mọ́ ọn níbàdí. Má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kúrò lórí rẹ̀."

"Ọlọ́run á—" ni Bùọ̀dá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má ṣàdúrà fún mi. Kì í ṣe nítorí yín. Ìyàwó yín ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nínú yàrá yẹn, ìtìjú ń pa á. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè é wá dúpẹ́."

Kúkúrú so okùn náà mọ́ ọn ní kókó méjì, Bùọ̀dá sì wọ inú kòtò, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, títí orí rẹ̀ fi wọlé. Fóòmù ti tú sójú títì, ọkọ̀ kan ń fọn fèrè sí i.

"Ta ló ni eléyìí?" ni ọ̀gá iṣẹ́ pariwo. "Ẹ gbé e kúrò lójú títì káńsù!"

Fóòmù tí kò ní okùn kò ṣe é rù. Ó gbá a mọ́ àyà pẹ̀lú apá méjèèjì, kò rí iwájú mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń sọ ibi tí yóò máa gbé ẹsẹ̀ sí fún un.