Ìyàwó Ilé Kì Í Pe Akọ̀wé Lórúkọ

Ẹ má bi mí ní orúkọ àbúrò ọkọ mi. Akọ̀wé ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti ìlú Ara wọlé ọkọ ní Ẹdẹ, nígbà tí kò tíì ga ju ìkòkò omi lọ, tó ń fi èédú kọ nǹkan kiri ara ògiri. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Bí ìyá mi ṣe ṣe nílé ọkọ wọn nìyẹn, bí èmi Sàdíátù náà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Àwọn ológun ló jù ú sẹ́wọ̀n. Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì kó wọn lọ. Akọ̀wé ń kàwé rẹ̀ lọ níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ sì gbà kó ṣe ìdánwò lẹ́wọ̀n, bó bá ti lè sanwó. Àfi bí ìjọba ṣe kéde pé àwọn yóò fún ọmọ ìpínlẹ̀ wa ní bọ́sárì, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, títí kan àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Ẹnu yà wá. Ìyá ọkọ mi ní, "Ọwọ́ tó gbá wa létí ló ń na àkàrà sí wa. Ẹ gba àkàrà."

Wọ́n ní kí ẹbí kan wá jẹ́rìí ní kánsù, torí àwọn kan ti ń gba owó akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí. Orúnkún ìyá ọkọ mi wú, ọkọ mi há sí Sẹkọna láìrí epo rà. Èmi ni wọ́n rán.

Wọ́dà kan, Ìyàndá, ló mú Akọ̀wé wá, tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Mẹ́tàdínlógún, jókòó síbẹ̀yẹn." Nọ́ńbà ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Jacob ni ọ̀gá tó jókòó nídìí tábìlì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n tọ́ l'Ékòó.

"Màmá, kí lorúkọ ọmọ yín yìí? Ẹnu yín ló gbọ́dọ̀ ti jáde."

"Akọ̀wé ni, sà."

Ó wo ìwé iwájú rẹ̀. "Kò sí Akọ̀wé níbí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Bàbá wa ni."

"Ìyá rẹ̀?"

"Ìyá wa."

Jacob ju bírò sílẹ̀. "Ẹ ò mọ orúkọ ẹnì kankan nílé yín! Ẹ lọ wá ẹlòmíì tí ẹ máa tàn jẹ."

Ọjọ́ náà ni ètò náà ń parí. Bí owó yìí bá bọ́, ìdánwò bọ́ nìyẹn, gbogbo ìwé tí Akọ̀wé ti kà wọmi.

Akọ̀wé dìde. "Ìyàwó wa, ẹ pè mí. Mo yọ̀ǹda."

Mo la ẹnu. Orúkọ náà dé orí ahọ́n mi, ó dúró síbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti ń gbé e mì. Ahọ́n mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Omi bọ́ lójú mi.

Ìyàndá ló bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ìyàwó ilé ni wọ́n! Ìyá tèmi náà kì í pe àbúrò bàbá mi lórúkọ. Ẹ máa ka àwọn orúkọ tó wà níwájú yín. Bí wọ́n bá gba ti ẹlòmíì, kí ẹ lé wa."

Jacob bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Olúmúyìwá. Babátúndé. Usamah. Ó tún pe Usamah lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá n ó kó sí i. Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

Bó ṣe kan ti Akọ̀wé, mi ò mọ̀gbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. "Òun nìyẹn, sà! Òun gan-an nìyẹn!" Ìgbà tí ìjọba pe orúkọ yẹn kẹ́yìn, wọ́n ń kó o lọ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ire ni wọ́n pè é sí. Ayọ̀ mi kò mọ níwọ̀n.

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Jacob náà rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀, ó ní níbo lòun ti máa rí irú ìyàwó báyìí fẹ́. Mo ní kó lọ sí Ara.

Lẹ́yìn náà, Ìyàndá tú Akọ̀wé lọ́wọ́, ìyẹn jókòó lábẹ́ igi máńgòrò níta, ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí mo gbé wá. Mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Nígbà tó yó, Ìyàndá gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó sì na ọwọ́ láti fà á dìde.

Ó ní, "Akọ̀wé, ó yá. Ìdánwò ń dúró dè ọ́."