Òróró tó wà lára Ṣọ́ọ̀kù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá fẹ́ ra máṣíìnì àlòkù, alùpùpù ni mò ń wí, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á mọ ìgbà tí ẹ máa dé. Bí ó bá ní kí ẹ wá ní aago mẹ́wàá, ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó kí i pé ẹ káàárọ̀. Bí ó bá gbóná, ó ti tàn án kí ẹ tó dé nìyẹn. Máṣíìnì tí ara rẹ̀ kò yá kì í fẹ́ jí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jí i, tí wọ́n mú un gbóná, á máa ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é.

Èmi ò mọ̀ nígbà náà. Aago mẹ́wàá géérégé ni mo dé.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń gbé oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Ìjẹ̀gùn, èmi náà ni mo sì máa ń gún un fún àwọn ọmọ. Inú kúlà ni oògùn yẹn máa ń wà, yìnyín á yí i ká. Bí yìnyín bá yọ́, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lọ́dún 1990, máṣíìnì ọ́fíìsì kú sí mi lọ́wọ́ nínú ẹrẹ̀. Mo tì í, mo tì í, ó sú mi. Nígbà tí mo fi máa dé abúlé, omi ló kù nínú kúlà. Mi ò gún ẹnì kankan, mo padà sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo tó tún débẹ̀. Èéyi ti mú ọmọ mẹ́rin. Ọ̀kan ti kú. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù máṣíìnì ti ń bà mí. Kì í ṣe pé kí n ṣubú o. Kó má lọ kú sọ́nà ni.

Ó di ọdún kejì, lọ́jọ́ Jímọ́ kan, Nọ́ọ̀sì Adébùnmí tó jẹ́ ọ̀gá wa pè mí. Ó ní èéyi tún ti bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan tí mọ́tò kò lè dé. Máṣíìnì ọ́fíìsì sì ti kú pátápátá.

"Ọ̀gbẹ́ni Simeon, oògùn á dé lọ́jọ́ Ajé. Ṣé ẹ ti rí nǹkan tí ẹ máa gùn?"

Mo ní mò ń wá a, Mà.

Wọ́n júwe Olútáyọ̀ fún mi, pé ó ní máṣíìnì kan tó fẹ́ tà. Ẹgbẹ́dá ló ń gbé, lọ́nà Ìdímù, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ó ti wa mọ́tò fún òyìnbó kan rí. Òyìnbó náà ló gun máṣíìnì yìí wá láti ìlú wọn, ó gba aṣálẹ̀ kọjá, ó wọ Kánò, ó sì gùn ún dé Èkó. Olútáyọ̀ ní nígbà tí òyìnbó náà ń wọ bàálù padà sílé ló fi í sílẹ̀ fún òun. Máṣíìnì gíga ni. Táńkì rẹ̀ yọ bí ikùn aboyún. Àpótí irin kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì. Nígbà tí mo rí àpótí yẹn, ọkàn mi fà sí i. Mo ti ń fojú wọn kúlà mi sínú rẹ̀.

Mo ti bẹ Wàsílátù pé kó bá mi lọ wò ó. Páàtì máṣíìnì ló ń tà ní Ìkòtún. Mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà ti ń bàjẹ́, ìyàwó ló ń bá a wo inú ẹ́ńjìnnì, á sì sọ ohun tó rí fún un. Bó ṣe di ẹni tó mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ó ní kí n máa lọ ná, òun ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Olútáyọ̀ fi ẹsẹ̀ tàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dún. Mo wo ẹnu sàlẹ́ńsà, mi ò rí èéfín. Mo fa ṣéènì, kò dẹ̀. Mo ka sípóòkù, kò sí èyí tó já. Inú mi ń dùn díẹ̀díẹ̀, mo sì ń kìlọ̀ fún ara mi pé kí n má tètè yọ̀.

Mo wá rí epo lára ṣọ́ọ̀kù iwájú. Ó ń dán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mú àkísà.

"Ha, Dádì! Ẹ rọra o!" Olútáyọ̀ di ọwọ́ mi mú. "Òróró àdúrà nìyẹn. Pásítọ̀ wa ló ta á sí i láàárọ̀ yìí, kí ẹni tó bá rà á má bàa rí ewu."

Mo wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, òróró wà níbẹ̀ náà. Bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa náà nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ta òróró sí nǹkan, a kì í nù ún. Mo bọ́ fìlà, mo ní àmín. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku kí n ka owó fún un.

Ìgbà yẹn ni Wàsílátù dé.

"Dókítà, ẹ ti rà á tán kí n tó dé?"

Dókítà ni wọ́n máa ń pè mí. Èmi kì í ṣe dókítà.

Wàsílátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú àkísà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún. Òróró àdúrà ni."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀yin tí ẹ ń gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́, epo ló ń bà yín lẹ́rù?"

Ó nù ún mọ́ tónítóní. Ó di bíréèkì iwájú mú, ó tẹ máṣíìnì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Iwájú rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò tètè gbéra. Epo tuntun ti ń ṣàn bọ̀ lára irin.

"Pásítọ̀ ti lọ sílé, àbí?" ó bi Olútáyọ̀. "Ta ló tún wá ń ta òróró báyìí?"

Olútáyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá, síìlì tó ń dá epo dúró nínú ṣọ́ọ̀kù lásán ni. Ó kéré."

"Mi ò tíì sọ pé ó tóbi."

Ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó yọ ọ́ kíá. Ó bi mí bóyá bó ṣe gbóná tó nìyẹn nígbà tí mo dé. Mo ní mi ò fọwọ́ kàn án. Kò bá mi wí. Ó jókòó sórí òkúta.

"Ẹ jẹ́ kó tutù. A ò kánjú."

Olútáyọ̀ ní ẹlòmíì ń bọ̀ láti Ìgàndó wá rà á. Wàsílátù ní kó máa bọ̀, òkúta gbà wá. A jókòó. A jẹ ẹ̀pà. Kò sẹ́ni tó ti Ìgàndó wá.

Nígbà tó tutù, Olútáyọ̀ fẹsẹ̀ tàn án, tàn án, tàn án. Ó bọ́ ẹ̀wù. Ìgbà kejìlá ló tó dún, èéfín aláwọ̀ aró sì bo gbogbo wa. Wàsílátù ṣí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó fìka ha á. Iyanrìn ló bá ìka rẹ̀ jáde, ó kúnná bí èlùbọ́.

"Iyanrìn yìí kì í ṣe ti Alímọ̀ṣọ́," ó ní. "Àtinú aṣálẹ̀ ló ti ń mu ún bọ̀. Ó ti jẹ inú ẹ́ńjìnnì."

Mo bi í pé, bí mo bá gùn ún lọ́jọ́ Ajé, ṣé á gbé mi dé abúlé?

"Ó lè dé. Ó sì lè kú sọ́nà. Mi ò ní parọ́ fún yín, Dókítà."

Mo ronú nípa yìnyín. Mo wo àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí ìjókòó. Mo ní màá wọ bọ́ọ̀sì dé Ìjẹ̀gùn ní ìdájí, màá sì ru kúlà lórí ṣáájú oòrùn. Ó jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ ẹsẹ̀ mi.

Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, Wàsílátù yẹ abẹ́ táńkì wò, níbi ọrùn máṣíìnì. Ó mú ìka mi, ó fi kan irin náà. Ó rí gbágungbàgun. Wọ́n ti fi iná jó o pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún.

"Ó ti lọ kọ lu nǹkan," ó ní.

Mo yíjú sí Olútáyọ̀. "Òyìnbó yẹn ńkọ́?"

"Mo ti sọ fún yín, Dádì. Ó wọ bàálù lọ sílé."

"Ṣé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọ bàálù náà?"

Ó mú ẹ̀wù rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó wọ̀ ọ́. Ó de bọ́tìnnì kan, ó de ìkejì.

"Dádì, ẹ ní ẹ ò rà á mọ́. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."