Irúgbìn Màámi Nínú Àpótí Ooru

Orí ebè ni iyàrá ìwádìí wa wà, ìyá mi sì ń bọ̀ láàárín poro pẹ̀lú igbá àgbàdo lórí. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí a ti sin ín. Ó ti rẹ̀ mí ju kí n béèrè ohun tó gbé e dé lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì gba igbá náà.

"Àwẹ̀ró, ìyókù irúgbìn ilé wa nìyí," ó wí. "Ó ti rin lọ́hùn-ún. Bá mi mú un gbẹ. Ọ̀la la ó gbìn ín."

Nígbà ayé rẹ̀, orí àjà ìdáná ni ó ti máa ń mú irúgbìn gbẹ fún oṣù mẹ́ta, nínú èéfín tí kò gbóná ju àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn lọ. Èmi kò ní oṣù mẹ́ta. Mo da àgbàdo náà sínú àpótí irin tí a fi ń mú ọkà gbẹ, mo yí ooru rẹ̀ dé òpin, mo sì jókòó.

Àpótí náà di gbọ̀ngàn. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin kéékèèké jókòó, wọ́n ń ká òwú. Òwú náà ni èròjà amáradàgbà tó ń mú hóró hù. Mo ti fi ogún ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bí ó ṣe ká ni ó fi ń ṣiṣẹ́, àti pé bí ooru àpọ̀jù bá tú u, yóò dì pọ̀ bí ẹyin sísè, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́.

"Ọ̀mọ̀wé, ó ti ń ta wá lára o," èyí tó dàgbà jù nínú wọn wí.

"Ẹ ṣe sùúrù, ó kù díẹ̀."

"Ẹni tó jókòó síta ló ń pè é ní díẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ̀wọ́ òwú. Ó tú, ó lọ́ mọ́ra, ó le. Mo ki ọwọ́ bọ inú àpótí, mo ń wá orí òwú kan ṣoṣo tí mo lè fà, títí ìka mi fi kú. N kò rí i.

Ìyá mi bojú wo inú àpótí náà. "Irúgbìn ni mo kó fún ọ, gúgúrú lo dín fún mi. Gbogbo ìwé tí o kà náà nìyí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màámi. Ó rẹ̀ mí ni."

Kò bínú. Ó ju hóró kan sẹ́nu, ó ní ó dùn. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sínú ebè.

"A kò ní irúgbìn mìíràn mọ́," ó wí. "Bu erùpẹ̀ bò mí. Má jẹ́ kó jìn jù."

Mo ti bu erùpẹ̀ bò ó rí. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e láyà; ó tutù. Kí n tó bu èkejì, ewé kan ti yọ ṣóńṣó láàárín ìka rẹ̀.