Ìyáálé Ẹnu-Ọ̀nà

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò wọ gbọ̀ngàn eré, òṣìṣẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ló kọ́kọ́ pariwo pé, "Ìyàwó dé o! Ìyáálé, ẹ bọ́ síta, ẹ wá gba ìyàwó yín wọlé!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà náà rẹ́rìn-ín, torí bí èèyàn ò bá rẹ́rìn-ín nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní inú ń bí i. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: "Òrìṣà, jẹ́ ká pé méjì" obìnrin, kò dénú. Láti ọjọ́ náà lọ, Ìyàwó lorúkọ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ti ń dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èèyàn, kó ya á sí méjì, kó dá ìlàjì padà fún un, kó ju ìlàjì kejì sínú àpótí. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yẹn o. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ẹgbẹ̀ta èèyàn lè gba iwájú rẹ̀ kọjá láàárín ìdajì wákàtí, kò sì ní ṣi ẹyọ kan ya. Bó ṣe ń ya á náà ló ń kí wọn: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá ńkọ́? Ẹsẹ̀ yẹn ti san?" Ó mọ tọkọtaya tó ń jà, torí pé wọn kì í ra ìjókòó tó sún mọ́ra. Ó mọ ẹni tó jẹ́ pé oorun ló máa ń wá sùn. Ká sòótọ́, lójú tirẹ̀, òun gan-an ni gbọ̀ngàn náà. Àwọn tó ń ṣeré nínú kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ìyàwó kì í ya nǹkan kan. Òpó kúkúrú mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú gíláàsì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Oníbàárà á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sórí fóònù rẹ̀ láti ilé. Tó bá dé, á na fóònù sí gíláàsì, ẹ̀rọ á dún, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ọ̀pá tó dí ọ̀nà á ṣí, ó di inú ilé. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá gbọ̀ngàn, ọkùnrin kan tí Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà fi bí ọdún mẹ́wàá jù lọ, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, a ò lé yín o. Kẹ́ ẹ kàn máa jókòó síbí, kẹ́ ẹ máa kí àwọn èèyàn káàbọ̀." Ó gbé àga onítìmùtìmù kan fún un. Àga ọ̀hún rọ̀, àmọ́ ìdí ìyá náà ò balẹ̀ lórí ẹ̀.

Kí ta ni káàbọ̀? Ta ló ń gbọ́? Ojú gbogbo wọn wà lórí fóònù, iná ewé ni wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí. Télọ̀ àgbà kan wà tó ń fi ọ̀pá rìn, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ya tíkẹ́ẹ̀tì òun láti ọdún mẹ́rìnlá. Bí wọ́n bá sọ fún un pé Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà lọ jẹun, á fara ti ògiri, á dúró dè é. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Ìyàwó dé, télọ̀ yìí na fóònù, ó dún, ó kọjá, ló bá yíjú padà tayọ̀tayọ̀. "Ìyá, ṣé ẹ rí mi? Èmi nìkan ni mo dá a ṣe!"

"Mo rí yín," ni ìyá náà wí. Ó rí i lóòótọ́. Ó rí i bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí yàrá kejì lójú gbogbo ilé.

Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ká ní ẹ rí Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ni, ẹ̀ bá mọ̀ pé àwọn tó pa òwe yẹn ò purọ́. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ̀ lé e lọ́rùn. Ọkọ rẹ̀ gbáyé, ó kú, kò rówú rẹ̀ rí. Irin ló wá ń jowú. Tó bá ku òun àti Ìyàwó nìkan lẹ́nu ọ̀nà, á rọra tẹ̀ síwájú, á ní, "Ìyàwó tá a gbé lójú ijó, ìran ló máa wò lọ. Bíná bá lọ, a ó mọ ẹni tó nilé." Iná ò lọ.

Èyí tó dùn ún jù ni ti ọmọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, inú ẹgbẹ́ akọrin gbọ̀ngàn yẹn náà ló wà, ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí ní ìlà ẹ̀yìn, níbi tí orí ẹlòmíì ti ń bò ó lójú. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun nílé, ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ̀rọ yẹn mà dáa o. Èèyàn ò tò síta mọ́. Ó yá ju ọwọ́ lọ."

"Ó yá ju ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ gbogbo èèyàn ni mò ń sọ, Màmá." Ọmọ náà yára dé ìkòkò, ó sì pa ọ̀rọ̀ náà tì. Ìyá rẹ̀ ò jẹ oúnjẹ ọ̀hún tán.

Ìgbà tó di ọjọ́bọ̀ kan, ohùn há mọ́ olórí akọrin lọ́fun. Olùdarí eré wá ní ọmọ Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni kó bá a kọrin ìbẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀ẹ̀kan péré, torí pé ohùn onítọ̀hún á ti là tó bá fi máa di Sọ́ńdè. Orin náà ò ju ìṣẹ́jú méje lọ. Òun nìkan ni yóò dúró lórí ìtàgé, láìsí ohun èlò kankan tó máa gbè é, lẹ́yìn náà á wọlé, kò tún jáde mọ́ títí eré á fi parí.

Eré ni ọmọ náà sá wálé. "Màmá, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún yín! Ìlà iwájú, àárín gan-an. Ó ti wà lórí fóònù yín. Ẹ̀yin ni n ó máa wò tí n ó fi kọ ọ́, torí ẹ̀rù ń bà mí."

Ẹ gbọ́ o: láti ọdún mọ́kàndínlógún, obìnrin yìí ò rí ìbẹ̀rẹ̀ eré kankan nínú gbọ̀ngàn yẹn rí. Kó tó ya tíkẹ́ẹ̀tì àwọn apẹ́lẹ́yìn tán, eré á ti jìnnà. Ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó sunkún ayọ̀.

"Ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ yẹn," ni ọmọ náà wí sí i létí. "Ká ní kò sí i ni, báwo lẹ ṣe máa ráyè wò mí?"

Omijé dá lójú ìyá. Àní èyí náà, Ìyàwó ló fi ta òun lọ́rẹ! Ọ̀rọ̀ yẹn ta á lára títí di Sátidé.

Ẹnjiníà tó gbé ẹ̀rọ wá ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rá kan ojú gíláàsì, torí kò ní ríran. Ó tún sọ pé bí ẹ̀rọ bá ṣi tíkẹ́ẹ̀tì kà léraléra, á ti ara rẹ̀ pa, àfi tí òun fúnra òun bá wá ṣí i. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà gbọ́ ti ọ̀rá. Kò gbọ́ ìyókù, torí ó ti dijú detí sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kan Ìyàwó.

Aago mẹ́ta ni eré. Ní aago méjì, àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀, agolo fasilín kan sì wà nínú báàgì rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ba ọjọ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́ o, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ìṣirò rẹ̀ rèé: Ìyàwó á fọ́jú, èrò á pariwo, wọ́n á sáré wá bá ìyáálé, òun á fi ìdajì wákàtí kó gbogbo wọn wọlé bó ṣe ń ṣe é látijọ́, Ọ̀gá á rí i, télọ̀ á rí i. Lẹ́yìn náà òun á nu gíláàsì, òun á lọ jókòó síwájú kí ọmọ tó yanu.

Ó fi ìka bu fasilín, ó fi pa ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń para fún ọmọ tuntun. "Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó," ló wí, ó sì dé agolo rẹ̀.

Nígbà tó fi di aago méjì ààbọ̀, èrò ti dé. Fóònù àkọ́kọ́, iná pupa. Ìkejì, pupa. Télọ̀ àgbà na tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, pupa, pupa, pupa, pupa. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín. Èrò ń pọ̀ sí i, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú. Ọ̀gá pe Ẹnjiníà, ẹni yẹn ní òun á lò tó wákàtí kan lọ́nà. Ọ̀gá bá figbe ta: "Màmá dà? Màmá, ẹ gbà wá o! Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ọwọ́ àwọn èèyàn yìí!"

Oṣù mẹ́ta ló ti ń retí gbólóhùn yẹn. Orí rẹ̀ wú. Ó dìde, ó lọ sí àyè rẹ̀ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí ọ̀pá kankan ò dí, ó na ọwọ́ síwájú láti gba tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì wo? Láti oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ń ra oníwèé mọ́, owú ni ò jẹ́ kó rántí. Ohun tí Ọ̀gá kó lé e lọ́wọ́ ni ìwé ọgbọ̀n ojú ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, orúkọ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ó gbọ́dọ̀ bi èèyàn lórúkọ, kó wá a, kó fi bíìrò sàmì sí i. Orúkọ ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó wá wòran.

"Orúkọ yín?"

Ó wá a, kò rí i.

"Ọkọ mi ló rà á."

"Orúkọ ọkọ yín?"

"Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló bá a rà á, Màmá."

Ọwọ́ yíyá ò wúlò níbẹ̀ mọ́. Ojú ni wọ́n ń lò, ojú sì ti dàgbà. Nígbà tó fi máa gbójú sókè wo aago ara ògiri, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́ta lù, àwọn tó ti wọlé ò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún.

Ó ju bíìrò sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá a nu ojú yẹn wò." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu gíláàsì, fasilín bá tún fẹ̀ sí i. Ó sáré sí èkejì, ó sáré sí ẹ̀kẹta. Kò síná ewé, kò síná pupa. Ẹ̀rọ ti ti ara rẹ̀ pa.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá," ni Ọ̀gá wí. "Ó di ìgbà tí Ẹnjiníà bá dé."

"Ọ̀gá, ọmọ mi ló ń kọrin ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wọlé."

Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Mo mọ̀. Mo ti bẹ olùdarí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló lè fi dúró. Màmá, tẹ́ ẹ bá fi mí sílẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn yìí á wó ilé yìí lé mi lórí. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

Ó lè já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Àmọ́ ẹni tó mọ ohun tó wà nínú báàgì òun kì í lè pariwo. Ó gbé ìwé, ó tún ń bi wọ́n lórúkọ.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n pa ilẹ̀kùn inú dé. Òfin gbọ̀ngàn ni: bí orin ìbẹ̀rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé títí yóò fi tán. Kò pẹ́, ohùn kan dìde lẹ́yìn pákó tó nípọn yẹn. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ohùn nìkan ló ń gbọ́, ohùn tó ti mọ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó léyín lẹ́nu, ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá dúró.

"Ẹ gbọ́ ohùn yẹn," ni ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ wí. "Ta ló ń kọrin?"

"Ẹ sọ orúkọ yín," ló dá a lóhùn. Gbogbo lẹ́tà inú ìwé ti dà pọ̀ mọ́ra lójú rẹ̀.

Àtẹ́wọ́ ró nínú. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, Ọ̀gá náà sì gba kámú, ó ní kí gbogbo ẹni tó kù máa wọlé. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ bá a. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú aṣọ eré lọ́rùn.

"Màmá, àga yín ṣófo. Mo wò ó, mo tún wò ó. Mo ní bóyá nǹkan ti ṣe yín. Díẹ̀ ló kù kí n dákẹ́ sáàárín orin."

Ọ̀gá tó ń kọjá lọ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. "Má bá ìyá ẹ wí o. Ẹ̀rọ ló dákẹ́. Màmá ló kó wa yọ lónìí!" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ náà yíjú sí ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ gbá a. "Ẹ̀rọ játijàti! Kò rọ́jọ́ míì dákẹ́, àfi òní!" Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. "Ẹ forí jì mí, Màmá. Ẹ rí i tẹ́lẹ̀, èmi ni mo ń gbè sẹ́yìn ẹ̀. Ọwọ́ yín ló dáa jù. Kò sí irin tó lè dà bí ọwọ́ yín láéláé."

Gbogbo ohun tó wù ú láti gbọ́ fún oṣù mẹ́ta nìyẹn, ó ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìkankan tó dùn mọ́ ọn nínú.

"Fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ọmọ mi."

"Mi ò ní fi í sílẹ̀! Òun ló fi yín dù mí lónìí—"

"Kì í ṣe òun. Èmi ni mo fi fasilín kùn ún lójú."

Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ìyáálé àti ìyàwó náà ni. Ó wá wo ojú ìyá rẹ̀. "Nítorí kí ni?"

"Mò ń jowú ẹ̀ ni."

Wọ́n tún ń pàtẹ́wọ́ nínú, fún ẹlòmíì. Ọmọ náà tú ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú méje péré ni mo ní, Màmá," ló wí, ó sì wọlé lọ.