Áísìkirímù Àgbọn fún Hàjàrá

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n sin Mùsílímátù ni Hàjàrá, àbúrò rẹ̀, pa ẹnu dé tí kò jẹ́ kí ohunkóhun wọ ibẹ̀ mọ́. Èéyi ló pa ẹ̀gbọ́n, èéyi kan náà ló sì dá àbúrò dùbúlẹ̀. Oṣù kejì ọdún 1963 ni. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ ní abúlé Ajíbódè, ètè tọmọdé tàgbà ń bó, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agboolé kan tí àìsàn náà kò yà.

Mùjíbátù ni orúkọ ìyá wọn. Àádùn àti súìtì bàbá dúdú ló ń tà lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn máa ń gbà lọ sẹ́nu iṣẹ́. Sàníù, ọkọ rẹ̀, ń dáko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ọmọ méjì péré ni Ọlọ́run fún wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ àti ọmọ ọdún márùn-ún. Ó wá ku ọ̀kan.

Ara Hàjàrá ti ń pa èépá, ibà rẹ̀ sì ti rọlẹ̀. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní ó ti bọ́. Ṣùgbọ́n egbò kún ẹnu rẹ̀ láti ètè dé ọ̀nà ọ̀fun. Bí omi bá fara kan ahọ́n rẹ̀, á figbe ta. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò ní agbára igbe mọ́, ńṣe ló ń yí ojú sí ògiri. Ojú rẹ̀ jìn wọnú. Bí ìyá rẹ̀ bá fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, awọ náà á dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó rọra padà sílẹ̀. Láti àná, ọmọ náà kò tọ̀.

Wọ́n ti gbé e dé ọsibítù kan n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ eléèéyi pọ̀ níbẹ̀ débi pé mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kan, àwọn ìyá sì jókòó sílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi oògùn aláwọ̀ àlùkò kun ẹnu rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé nítorí pé àyè kò sí. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló sìn wọ́n dé ìta. Ó sọ fún Mùjíbátù pé kì í ṣe èéyi ló máa pa ọmọ yìí bí kò bá ṣọ́ra, òùngbẹ ni. Ó ní ohunkóhun tí ọmọ náà bá ti lè gbé mì, kó fún un, kó má sì ka èèwọ̀ oúnjẹ kankan sí.

Nígbà tí wọ́n délé, Sàníù ní kí wọ́n rọ ọ́ lẹ́kọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe fún ọmọ tí kò bá fẹ́ jẹun: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á fọwọ́ dí i nímú, bó bá lanu láti mí, wọ́n á da ẹ̀kọ sí i. Mùjíbátù ní òun kò ní í rọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ bi í léèrè ìdí. Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó bọ́ sí ìta. Sàníù rò pé ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ wọ́n ló ń dà á láàmú.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni Hàjàrá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ní láti gbé etí sún mọ́ ọn lẹ́nu.

"Mo fẹ́ tútù Bàbá Josiah."

Bàbá Josiah jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tó ti ṣe kúùkù fún òyìnbó olùkọ́ kan ní Yunifásítì fún ọdún méjìlá. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ áísìkirímù ta bàbá náà lọ́rẹ. Korobá onígi ni, agolo irin wà nínú rẹ̀, ó sì ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i lókè. Wọ́n á kó yìnyín àti iyọ̀ yí agolo náà ká, wọ́n á máa yí i títí ohun tó wà nínú agolo á fi dì. Lọ́dọọdún, bó bá di Kérésìmesì, Bàbá Josiah á ṣe é fún gbogbo ọmọ abúlé, ọmọ ìmàle àti ọmọ onígbàgbọ́. Bó bá ti ń yí i, á máa ròyìn fún wọn. Á ní àwọn òyìnbó kan kò jẹ́ fọwọ́ kan òmíràn bí kò ṣe fanílà tó funfun, pé àwọn ọmọ wọn máa ń sunkún nítorí ṣokoléètì, pé ìyàwó ọ̀gá òun kò fẹ́ èyíkéyìí àyàfi èyí tí wọ́n fi èso pupa kan ṣe, tí agolo rẹ̀ ń bá ọkọ̀ ojú omi wá. Agbálùmọ̀ ló fi ṣe ti Kérésìmesì tó kọjá yìí. Mùsílímátù àti Hàjàrá jọ lá abọ́ kan náà ni.

Mùjíbátù pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ bá bàbá náà. Ó bá a tó ń gbá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

"Ìyá Mùsíli," ó ní, lẹ́yìn náà ló rántí. "Ìyá Hàjàrá. Kí ló dé?"

Obìnrin náà ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá Josiah ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ pé bóyá, kò sì sọ pé kò ṣeé ṣe. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó di àpò mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gba Mọ́kọ́lá lọ, síbi tí wọ́n ti ń ta ẹja inú yìnyín. Oòrùn ti mú kó tó padà dé, àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lófìfo. Ẹ̀rọ yìnyín wọn ló dákẹ́ láti àná. Ó ní òun bá wọn níbi tí wọ́n ti ń da ẹja nù.

Mùjíbátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dìde," ni Bàbá Josiah wí. "Ó ku ibì kan."

Ilé ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n lọ. Òyìnbó mìíràn ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlọ́runṣògo ló sì gba iṣẹ́ kúùkù lọ́wọ́ Bàbá Josiah. Wọ́n bá a ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ó wo ẹ̀yìn kó tó fèsì. Ó ní yìnyín wà nínú fíríìjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlejò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, Màdáámù, ìyàwó òyìnbó náà, ti kìlọ̀ nípa yìnyín ọ̀hún láàárọ̀, bó bá sì dé tí kò bá a, iṣẹ́ òun ti bọ́ nìyẹn. Ó ní ọmọ mẹ́rin ni òun náà ń tọ́.

Mùjíbátù kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ńṣe ló yí ẹ̀yìn sí i kó lè rí ojú ọmọ náà. Ọlọ́runṣògo wò ó. Ó na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Ó wọlé lọ, wọ́n sì gbọ́ tó ń fi omi tú yìnyín kúrò nínú àwo rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

"Ẹ yára," ó ní. "Kò pọ̀."

Lóòótọ́ ni kò pọ̀. Kò tó ìlàjì korobá. Nígbà tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ nílé bàbá náà, tí wọ́n sì délé Mùjíbátù, ìsàlẹ̀ àpò ti ń kán. Bàbá Josiah rò pé agbálùmọ̀ á kan jù fún ẹnu tó dégbò, ló bá mú ọsàn tó ti pọ́n dáadáa, ó fún un sínú wàrà agolo, ó fi ṣúgà sí i. Ó yí ẹ̀rọ náà títí ọrùn rẹ̀ fi tutù fún òógùn. Ohun tó bu jáde dára lójú, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń rú èéfín òtútù. Hàjàrá la ẹnu fúnra rẹ̀ nígbà tó rí i.

Bí ṣíbí ti kan ahọ́n rẹ̀, ara rẹ̀ le gbagidi. Ó ké igbe kan tí wọn kò rò pé ó ṣì kù nínú rẹ̀. Oje ọsàn ti wọnú egbò. Ó tu gbogbo rẹ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó sì fi eyín de eyín. Wọ́n pè é, wọ́n tù ú, kò la ẹnu mọ́. Bàbá Josiah gbé ṣíbí náà sílẹ̀. Ó ní òun ló fọwọ́ ara òun pa á.

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Sàníù fi ti oko dé. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ òyìnbó nílẹ̀. Ó lọ bu ẹ̀kọ gbígbóná, ó pò ó mọ́ omi, ó jókòó, ó tẹ́ Hàjàrá sórí itan. Ó ti gbé ọwọ́ lé e nímú nígbà tí Mùjíbátù di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má rọ ọ́, Bàbá Mùsíli. Èmi ni mo rọ Mùsílímátù."

Sàníù ní òun mọ̀ pé ó gbìyànjú.

"Ẹ ò mọ̀. Ẹ ti lọ pe àlùfáà nígbà náà. Mo dí i nímú, mo da ẹ̀kọ sí i, ó sì pá a lórí. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń retí kó tún wúkọ́. Kí ẹ tó wọlé, mo ti nu ẹnu rẹ̀."

Bàbá Josiah yí ojú sí ìta. Ó pẹ́ kí Sàníù tó gbé ife ẹ̀kọ náà sílẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó o rọ ọ́ kí n tó jáde," ó ní. "Èmi ni mo sọ ọ́. Mo sì tún fẹ́ ṣe é."

Mùjíbátù kò fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, ọmọ wà láàárín wọn, omi yìnyín ń kán sílẹ̀ láti ìdí korobá. Ìgbà tó ṣe, Sàníù béèrè ohun tí ọmọ yìí máa ń jẹ tí kì í fi í ṣẹ́kù. Ó bi í bí ẹni tí ojú ń tì, nítorí pé bàbá rẹ̀ ni, kò sì mọ̀.

Ìyá rẹ̀ ní bàbá dúdú ni. Ó ní bí òun bá ti sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, Hàjàrá ló máa ń wọ inú rẹ̀ torí tọrùn.

Bàbá Josiah yíjú padà. Ó béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí àgbọn àti ṣúgà. Kò sí nǹkan mìíràn. Kò sí ohun tó kan, kò sí ohun tó ta. Ó ní nínú gbogbo ọdún tí òun fi yí ẹ̀rọ yìí, òyìnbó kankan kò béèrè irú rẹ̀, kò sì sọ sí òun náà lọ́kàn rí.

Sàníù ló fọ́ àgbọn. Ó rin ín kíákíá débi pé ó bó ara rẹ̀ níka. Mùjíbátù fún omi rẹ̀, ó yọ́ ṣúgà díẹ̀ nínú ìkòkò, kò jẹ́ kó dú, ó kàn jẹ́ kó pọ́n, ó da omi àgbọn lé e. Wọ́n gbé ìkòkò náà sínú omi tútù kó lè yára rọ. Yìnyín tó kù kò ju ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan lọ. Bàbá Josiah da gbogbo iyọ̀ tó wà nílé lé e, Sàníù sì gba ọwọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i. Kò dì tán. Ńṣe ló ki bí ẹ̀kọ mímu, ṣùgbọ́n ó tutù, òórùn bàbá dúdú sì gba gbogbo yàrá.

Eyín Hàjàrá ṣì pa dé. Ìyá rẹ̀ kò mú ṣíbí. Ó ti ìka bọ inú agolo, ó fi kan ètè ọmọ náà níta, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Wọ́n dúró. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, ahọ́n yọ, ó lá ètè, ó padà wọlé. Wọ́n ń retí igbe. Igbe kò wá. Ó tún fi kàn án. Ahọ́n tún yọ. Nígbà kẹfà, Hàjàrá di ìka ìyá rẹ̀ mú, ó sì ń mu ún bí ọmọ ọwọ́.

Títí oòrùn fi wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Mùjíbátù jókòó, tó ń fi ìka bù ú, tó ń dúró kó gbé e mì pátápátá kó tó tún bu òmíràn. Gbogbo ohun tó wọlé kò ju ìdajì ife lọ. Bí wọ́n ṣe ń tan àtùpà ni ìyá rẹ̀ rí i pé itan òun tutù. Ọmọ náà ti tọ̀. Mùjíbátù kò dìde láti pààrọ̀ ìró. Ó fi ọwọ́ kan ibi tó tutù náà, ó pe ọkọ rẹ̀ pé kó wá fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́runṣògo fúnra rẹ̀ gbé yìnyín wá. Màdáámù ti bá a wí kíkankíkan níṣojú àlejò, Ọlọ́runṣògo sì ti rọra sọ òtítọ́ fún un. Màdáámù kò lé e, kò sì dá a láre, àmọ́ kò tún ka yìnyín mọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni Ọlọ́runṣògo fi ń gbé e wá. Ní ọjọ́ kẹfà, Hàjàrá mu ẹ̀kọ.

Ó yè. Ṣùgbọ́n èéyi kò lọ lọ́wọ́ òfo: ojú òsì rẹ̀ funfun, kò sì fi ríran mọ́. Mùjíbátù ṣì ń ta àádùn, àmọ́ ó tó ọdún kan kó tó lè se ẹ̀kọ nínú ilé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń lọ rà á níta, kò sì bi í léèrè ìdí. Ní ọdún 1967, àwọn elétò ìlera gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wá sí abúlé wọn. Mùjíbátù ti bí ọmọkùnrin kan nígbà náà. Àwọn alábẹ́rẹ́ kò tíì to tábìlì wọn tó fi dé, ọmọ lẹ́yìn, Hàjàrá lọ́wọ́. Wọ́n ní kó jókòó kó sinmi ná. Ó ní òun kò jókòó, pé kí wọ́n ṣe ti ọmọ òun.