Itọ́ Ta Ló Wà Nínú Ike Yẹn?

Èmi nìkan ni mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnì kan má lọ jókòó ti bíà ní àdúgbò Djègan-Kpèvi kó máa ní òun náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Èmi Moucharaf, ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń tún pọ́tábù, ìyẹn fóònù, ṣe láti Àjàṣẹ́ títí dé Kraké lẹ́nu bọ́dà, èmi àti Ọlọ́run, àwa méjèèjì péré la rí i, Ọlọ́run ò sì ní sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ́rìí fún yín.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa ọwọ́ mi. Pọ́tábù tó ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ti ń kí ara wọn kú ará fẹ́ra kù nítorí ẹ̀, bí mo bá fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan báyìí, á dìde, á ní ebi kírédì ń pa òun. Àwọn ará Èkó ń gbé tiwọn kọjá bọ́dà wá bá mi. Mínísítà kan ti ránṣẹ́ pè mí rí. N ò ní dárúkọ ẹ̀.

Pọ́tábù náà ló gbé Océane wá. Ilé òògùn kan lẹ́bàá ọjà ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tún pọ́tábù ẹ̀ ṣe, n ò gba fàráǹkì kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ká sòótọ́, ẹ̀ẹ̀kẹrin yẹn kò bàjẹ́ fúnra ẹ̀. Èmi ni mo tú ìdè kan sílẹ̀ nínú ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ọmọge lè padà wá. Ó sì padà wá. Ó jókòó lórí àga mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi. Èmi ti ń wá orúkọ fún àwọn ọmọ tá a máa bí. Mo ti dé orí ìkarùn-ún.

Dorian ló bá wọlé. Okùn ṣájì ló wá rà.

Ọ̀rẹ́ mi ni Dorian, láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Agudà ni, àwọn tí baba ńlá wọn bá ọkọ̀ ojú omi padà dé láti Bùràsíìlì. Orúkọ ìdílé wọn gùn ju ojú irin Pobè lọ. Bí Dorian bá kí ẹ káàárọ̀, kó tó kí ẹ tán, wàá ti gbọ́ Bùràsíìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó sọ fún Océane pé baba ńlá òun ló mú àgbọn wá sílẹ̀ yìí.

Mo ní, "Àgbọn? Kí làwọn ènìyàn ibí ń mu kó tó dé? Omije?"

Océane ò rẹ́rìn-ín. Ó ti yí àga padà, ó kọjú sí Dorian.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé owú jẹ yín, ẹ dákẹ́. Owú jẹ èmi débi pé ó jẹ ẹran tán, ó ń fá eegun. Bí mo bá rí àwọn méjèèjì lórí mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí ọwọ́ Océane wà ní ìbàdí Dorian báyìí, mo máa ń bẹ Ọlọ́run kí táyà ẹ̀yìn bẹ́. Táyà iwájú ni n kì í fẹ́ kó bẹ́, nítorí Océane.

Ó di oṣù kọkànlá. Amandine, ẹ̀gbọ́n Dorian tó ń gbé ní Kánádà, wá sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì mú páálí kékeré kan wá fún àbúrò ẹ̀. Dorian gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí wọ́n ní kó kọ nọ́ńbà ara páálí náà sórí pọ́tábù kó tó lò ó. Ike kan ló wà nínú ẹ̀, ó gùn bí ìka ọwọ́, ìlà kan wà lára ẹ̀.

Ó ní, "Màá tu itọ́ sí i dé ìlà yìí. Amandine á gbé e padà lọ. Wọ́n á wò ó lọ́hùn-ún, wọ́n á sọ gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ mi ti wá, wọ́n á tún sọ àrùn tó bá sá pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ náà."

"Látinú itọ́?"

"Látinú itọ́."

"Ìyá mi ń wo ojú ẹ lásán, ó sì ń sọ gbogbo àrùn ẹ fún mi."

"Máa ṣe yẹ̀yẹ́. Tọ́ntọ́n Adolphe ti sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ Pọtugí, àwọn òyìnbó tó tẹ Bùràsíìlì dó, bá ti jáde nínú èsì yẹn, èmi ni màá gbé àsíá ìdílé wa ṣíwájú lọ́jọ́ Bonfim. Bí a bá ti ṣe ìyẹn tán, wọ́n á tẹ̀ lé mi lọ tọrọ Océane lọ́wọ́ màmá ẹ̀."

Bonfim ni ọdún àwọn Agudà, inú oṣù kìíní ni. Wọ́n á lọ gba Máàsì, wọ́n á so ọ̀já aláwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè mọ́ àyà, wọ́n á sì rìn yí ìlú ká, pẹ̀lú Burian, eré ìbòjú wọn, tó ń jó lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbé àsíá ṣíwájú, gbogbo Àjàṣẹ́ ló rí i. Tọ́ntọ́n Adolphe, àgbà ilé wọn, ló ń yan onítọ̀hún.

Dorian bẹ̀rẹ̀ sí í tutọ́. Ó kù díẹ̀ kó dé ìlà, pọ́tábù ẹ̀ dún. Océane ni.

"Bá mi mú un dání," ó ní, ó sì bọ́ síta.

Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ìta. Ó ní, "Ọkàn mi, wọ aṣọ olómi aró yẹn lálẹ́, èyí tó ṣí lẹ́yìn." Èmi tí mo mú itọ́ ẹ̀ dání bí ọmọ ọ̀dọ̀! Mo wo ike náà. Mo ronú sí ilé tiwa. Àgbẹ̀ Sakẹ́tẹ́ ni wá, Nàgó pọ́ńbélé. Láti ìgbà Ádámù, ẹ̀jẹ̀ wa ò tíì sọdá odò tó ju ìbàdí lọ. Bí itọ́ mi bá lọ sí Kánádà, Nàgó, Nàgó, Nàgó ni wọ́n máa kọ láti òkè délẹ̀. Ibo ni àsíá máa wà nígbà náà? Ibo ni Bùràsíìlì máa gbà?

Mo da itọ́ Dorian sí gọ́tà. Mo fi bébà tí mo fi ń nu ojú pọ́tábù nu inú ike náà títí tó fi gbẹ. Mo wá tu tèmi. Ẹ̀yin ará, itọ́ tí mo tu lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ ojú omi lè gba orí ẹ̀ dé Gànvíé, ìlú orí omi. Mo mú un dé ìlà géérégé, mo dé e pinpin. Ohun tí mo ní èmi nìkan rí nìyẹn.

Dorian wọlé. "O ti dé e?"

"Kí eṣinṣin má baà kó sí i."

"Ọ̀rẹ́ gidi ni ẹ́, Moucharaf."

"Ìgbà wo lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ọdún tuntun wọlé, èsì dé sórí pọ́tábù Dorian, òun àti Océane sì jọ wá kí n bá wọn ṣí i. Mo ti fi omi ṣan ẹnu mi kí ẹ̀rín lè dùn ún jáde. Mo ṣí i. Mo kà á sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́:

"Nàìjíríà àti Benin, mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Pọtugí..."

Mo fọwọ́ nu ojú pọ́tábù náà, mo tún un wò.

"Kà á!" ni Dorian wí.

"Pọtugí, mọ́kànlá."

Dorian fò débi pé orí ẹ̀ kan páànù. Ó gbá mi mọ́ra, ó fẹnu ko Océane lẹ́nu lójú mi, ó sáré jáde, ó ń pariwo fún ọlọ́jà àti oní-zẹ́mì, àwọn ọlọ́kadà wa: "Mọ́kànlá! Mọ́kànlá!" Èmi jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí bàtà ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, tó ń wo olè tó wọ̀ ọ́ kọjá. Mọ́kànlá ta ni? Mọ́kànlá mi!

Océane ló gba pọ́tábù náà lọ́wọ́ mi. Ilé òògùn ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n kọ ìlera sí ló lọ. Ó kà á, ó tún un kà. Nígbà tí Dorian padà wọlé tòun ti òógùn, ó ní:

"Dorian, AS ni ẹ́."

Dorian ní, "Kí nìyẹn ní í ṣe? Ara mi le."

"Èmi náà AS ni mí."

Gbogbo wa la mọ Arsène, àbúrò Océane. Àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ń ṣe é, ilé ìwòsàn ló ti ṣe Kérésìmesì ẹ̀ mẹ́ta léraléra. Tantí Virginie, màmá wọn, ti búra níwájú pẹpẹ pé ọkùnrin AS kankan ò ní fẹ́ ọmọ òun, kí òun má baà gbọ́ irú igbe yẹn lẹ́nu ọmọ ọmọ òun. Océane gbé báàgì ẹ̀. Ó jáde láìwẹ̀yìn.

Inú mi dùn. N ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà dé orí mi: itọ́ ta ni? Bí itọ́ yẹn bá ní AS, èmi ni AS. Dorian ò lè fẹ́ Océane nítorí ẹ̀jẹ̀ mi. Èmi alára ò lè fẹ́ ẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ mi kan náà.

Mo lọ bá ìyá mi. Mo ní, "Màmá, ṣé Pọtugí kan wà nínú ìdílé wa?"

Ẹ̀fọ́ ló ń já. Kò gbójú sókè. "Ìyá bàbá rẹ, ìyá Àdùkẹ́, aṣọ ló ń fọ̀ ní ilé Agudà kan nígbà tó wà lọ́mọge. Ó gbé agbọ̀n aṣọ lọ, ó gbé oyún bàbá rẹ bọ̀. Ta ló bi ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

"Ẹ̀fọ́ ni kó o bá mi já nígbà náà."

Ẹ bá mi wò ó. Bí mo bá sọ òtítọ́, Pọtugí á di tèmi, ṣùgbọ́n Océane á di ti Dorian. Bí mo bá dákẹ́, Dorian ò ní fẹ́ Océane, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ mi lá á fi máa ṣe fáàrí káàkiri ìlú. Mo dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi dákẹ́, èmi tí n kì í dákẹ́ lójú oorun. Mo ní bí n ò bá rí i fẹ́, kí òun náà má rí i fẹ́.

Ọjọ́ Bonfim pé. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà láàárín èrò. Dorian ló ṣíwájú, àsíá lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀já láyà ẹ̀. Ojú ẹ̀ pọ́n, ó hàn pé kò sùn, ṣùgbọ́n ó na àyà síta. Tọ́ntọ́n Adolphe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí imú ọmọ náà fún àwọn èrò:

"Ẹ wo imú yìí! Mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún! Ṣé imú lásán lẹ rò pé ó jẹ́ ni?"

Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́ fún imú. Ìyá arúgbó kan fọwọ́ kan án, ó fi nu ojú ara ẹ̀. Mo fò sí àárín títì.

"Itọ́ mi ni! Mọ́kànlá mi ni! Èmi ni mo tutọ́ sínú ike yẹn!"

Gbogbo wọn dúró. Burian tó ń jó dúró. Tọ́ntọ́n Adolphe wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Moucharaf, ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní o bá erinmi jìjàkadì nínú ọ̀sà níjọ́sí?"

"Tọ́ntọ́n, ìyẹn yàtọ̀."

"Tó o sì ní erinmi náà bẹ̀ ọ́?"

"Ó bẹ̀ mí lóòótọ́!"

Ẹ̀rín bú. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dorian gan-an rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gba àárín èrò kọjá wá bá mi. Océane ni. N ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Moucharaf, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ó kù díẹ̀ kó kún, o pè é. Ó jáde. Mo da tiẹ̀ nù, mo tu tèmi."

"Kí ló sọ fún mi nígbà tó jáde?"

"Ó ní kó o wọ aṣọ olómi aró lálẹ́. Èyí tó ṣí lẹ́yìn."

Ojú ẹ̀ là. Ẹ̀yin ará, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n ò rí i kí ojú ẹ̀ là báyẹn rí, èmi ni mo là á, kì í sì í ṣe èmi ló ń wò. Dorian ló ń wò, ojú ẹ̀ gba orí èjìká mi kọjá.

Ní ọjọ́ Ajé, ó fa Dorian lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èmi náà lọ. N ò mọ ohun tí mo ń wá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì. Dorian jẹ́ AA. Èmi jẹ́ AS. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Tantí Virginie ní kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ ọmọ.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tèmi náà ti yanjú. Mo lọ bá Tọ́ntọ́n Adolphe nílé ẹ̀. Mo ní, "Tọ́ntọ́n, ẹ ti rí i. AS tó wà nínú èsì yẹn, tèmi ni. Pọtugí náà ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀rọ wọn ṣe àṣìṣe lórí àrùn. Ẹ̀rọ ni, ó lè ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n lórí Pọtugí, kò ṣe àṣìṣe rárá."

"Kí Dorian tún itọ́ tu nígbà náà!"

"Ọmọ Agudà kì í bi ara ẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Jókòó, jẹ fẹ̀ṣuádà." Wọ́n gbé ẹ̀wà náà síwájú mi, ẹran kún inú ẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Owú ò ní kí ebi má pa ènìyàn.

Nígbà tí mo ń jáde, mo pàdé Océane lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé n ò purọ́. Wọlé lọ sọ fún wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi lápá. "Moucharaf, mo gbà ẹ́ gbọ́ dé ibi tí mo nílò ẹ̀." Ó sì wọlé lọ bá ọkọ ẹ̀.

Ẹ̀yin nìkan ló kù. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ̀kan tàbí méjì sọnù, ẹ yọ ọ́, n ò ní bínú. Ṣùgbọ́n itọ́ tó wà nínú ike yẹn, itọ́ Moucharaf ni, mọ́kànlá yẹn, mọ́kànlá mi ni. Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ má wo ara yín lójú, èmi ni kí ẹ wò. Mo ní kí ẹ gbà mí gbọ́!